Aṣọ Funfun Mẹ́rin

Èmi ni mo máa ń tẹ́ aṣọ náà, Múlíkà,
mẹ́rin, funfun, lórí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà,
kí o lè rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé rẹ láti òkè.
O ní ilé tí kò ní ògiri nìyẹn,
pé bí ìyẹ́ bàálù bá yọ kọjá ààlà
àwọn adájọ́ á gé máàkì.
Mo máa ń fi òkúta tẹ etí wọn mọ́lẹ̀,
torí afẹ́fẹ́ Ẹ̀pẹ́ kì í tọrọ kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Kí o tó fò ó, o máa ń rìn ín.
Létí èbúté, láàárín àwọn tó ń họ ìpẹ́ ẹja,
o dijú, o na ọwọ́ ọ̀tún,
ọwọ́ náà gòkè, ó dojú bolẹ̀, ó yí po,
ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́.
Ìyá Sùwébátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀:
"Ọmọ Àáfà Bùsárí, ṣé kò sí o?"
O ò dá a lóhùn. Ìgbà tí o lajú
lo tó ní, "Mo ti balẹ̀, mà. Ẹ kú ilé o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.
(Ẹni tó sọ ọjọ́ náà lórúkọ, ojú rẹ̀ ò tó òní.)
Ìdíje ku ọjọ́ mọ́kànlá.
Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan.
O ta òkìtì kìíní, mo fàlà sínú ìwé.
O ta ìkejì, o dorí kodò kọjá lókè mi,
mo rí i pé o juwọ́.
Ẹni tó dorí kodò, tó tún ń juwọ́ síni!
Ìkẹta ló le, èyí tí o sọ ní Ẹ-dákẹ́-ná:
kí bàálù gòkè títí agbára rẹ̀ yóò fi pin,
kó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe,
kó fi ìdí já bọ̀,
kó tó ṣẹ́rí padà.
Ó gòkè. Ó dúró.
Ó já bọ̀.
Mo dákẹ́ ná, bírò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sà ló kọ́kọ́ fọhùn.

Mùstàfá, tó máa ń bú ọ
pé ariwo rẹ ń lé ẹja òun sá,
òun ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi, tòun ti fìlà.
Òun náà ló gbé ọ wá sí ebè,
kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gbé e.

Àáfà ní aṣọ obìnrin, márùn-ún ni.
Mo ní mẹ́rin ni mo ní.
Ó ní kì í ṣe irú èyí.
Mo tún sọ ọ́: mẹ́rin.
Wọ́n fà mí jókòó.

Àwọn kan ní kí ló ń wá lókè.
Mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́kọ́ mọ òkè,
ọmọ oṣù mẹ́jọ, mo ń sáré lẹ́bàá omi,
ó ń rẹ́rìn-ín sí mi létí:
ó ní kí n sáré sí i.

Ìwọ ń fò, èmi ń fọ̀.
Aṣọ rẹ ni mò ń fọ̀ kí o lè máa fò.
Ohùn kékeré kan ló là wọ́n láàárín, Múlíkà,
òmíràn, tó kéré jù yẹn lọ, ló sọ ọ́ di fọ́.

Lónìí mo lọ kó wọn.
Mo ká òkúta kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Koríko abẹ́ wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀,
igun mẹ́rin, kedere,
ẹni tó bá ń kọjá lókè á ṣì rí i.
Mo gbé wọn dé ilé.
Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn.
Wọ́n ti gbẹ láti ìrọ̀lẹ́.
Mi ò tíì ká wọn.